Ẹ pe ìyá ọkọ náà sí ìpàdé aláboyún

Ìyá Àkọ́bí, Kétu:
Ẹ kú ilé o. Nígbà tí mo lóyún, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni agbẹ̀bí àdúgbò wa ń kó àwa aláboyún jọ. Ó ní kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bá bí i, kó má fẹnu kan omi tàbí àgbo títí yóò fi pé oṣù 6. Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ta ló ń wẹ ọmọ nílé? Ìyá ọkọ mi ni.

Ọjọ́ kejì tí a gbé ọmọ wálé, Màmá ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti wà nínú abọ́, ṣíbí ti wà lọ́wọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹni tó bí méje tó sì tọ́ wọn yè? Ẹkún ni mo bú sí. Ọkọ mi sáré lọ pe agbẹ̀bí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀: "Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá." Kò bá wọn jiyàn rárá. Ó ṣa èkùrọ́ kan lẹ́yìnkùlé, ó fi lé wọn lọ́wọ́. "Ikùn ọmọ yín ṣì kéré gan-an, èyí ni kẹ́ ẹ fi máa rántí. Tí omi bá kún un, ibo ni ọmú máa gbà? Omi tí ẹ ń wá fún un, inú ọmú náà ló wà." Màmá ń yí èkùrọ́ náà láàárín ìka. Nígbà tó yá, wọ́n da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó ṣì ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ọmọ, Kétu:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n pe àwa ọkọ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀lé ìyàwó mi lọ, òjò ló dá mi dúró síbẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́ pé orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lójijì, ẹ̀jẹ̀ ríru lè ni, ká má dúró dilẹ̀ mọ́. Lóṣù kẹjọ, lóru, ó ní òun ò ríran dáadáa. Alùpùpù ni mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, àbúrò mi dì í mú látẹ̀yìn. Ìyá yè, ọmọ yè.

Ìyá Àkọ́bí:
Ọlọ́run ṣeun! Màmá ti ń bá mi lọ sí ìpàdé náà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ báyìí. Wọ́n so èkùrọ́ náà mọ́ etí ìró wọn, àwọn ni wọ́n ń tú u han àwọn ìyá yòókù.