Ẹ jẹ́ ká fi “dọ́gba” sílẹ̀ fún ==

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá yín pé ká máa pe 2, 4, 6 ní “nọ́ńbà dọ́gba”, ká sì pe 1, 3, 5 ní “nọ́ńbà àìdọ́gba”. Ó dùn ún pè. Àmọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, yóò kó wa sí wàhálà, torí “dọ́gba pẹ̀lú” la fi ń ka àmì `==`.

Ní Ìjẹ̀bú Òde níbí, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní ọjọọjọ́ Sátidé. Mo kọ `n % 2 == 0` sójú pátákó, mo ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá. (Mo ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé n dúró fún nọ́ńbà tí à ń yẹ̀ wò, àti pé % tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìdá ọgọ́rùn-ún, àṣẹ́kù ló ń wá bí a bá fi 2 pín n.) Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: “Bí àṣẹ́kù bá dọ́gba pẹ̀lú òfo, nọ́ńbà náà dọ́gba.” Ẹni tó jókòó tì í bi í pé: “Ó dọ́gba pẹ̀lú kí ni?” Kò rí èsì fọ̀. Èmi náà ò rí. `==` ló ni “dọ́gba”.

Sábó Ṣàgámù ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ka gbànja sínú apẹ̀rẹ̀. Méjì méjì ló ń ṣà á: èjì, ẹ̀rin, ẹ̀fà, ẹ̀jọ. Nígbà tó kà á tán, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi: “Ẹyọ kan ló kù.” Mo wá ní, ká pe èyí tó pín sí méjì méjì láìṣẹ́kù ní eléjì, ká pe èyí tí ẹyọ kan nínú rẹ̀ kò rí ìkejì ní ẹlẹ́yọ. Òótọ́ ni pé gírámà ń lo “ẹyọ” àti “ọ̀pọ̀”, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé lórí ìlà kan náà bí “dọ́gba” méjì ṣe pàdé yẹn.

Àbá kejì tí ẹ mú wá, pé ká pe 1, 3, 5 ní “aṣẹ́ku-kan”, ì bá wù mí bí kì í bá ṣe ti nọ́ńbà òdì, èyí tó kéré sí òfo. Nínú Python, `-7 % 2` yóò fún yín ní 1, torí àmì nọ́ńbà tí a fi ń pín ni àṣẹ́kù rẹ̀ ń tẹ̀ lé. JavaScript àti Bash, èdè kọ̀ǹpútà méjì mìíràn, ń tẹ̀ lé àmì nọ́ńbà tí à ń pín, nítorí náà -1 ni wọn yóò dá padà. Ẹni tó bá kọ `n % 2 == 1` níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sọ fún un pé -7 kì í ṣe ẹlẹ́yọ, irọ́ sì ni. `n % 2 != 0` (`!=` ni “kò dọ́gba pẹ̀lú”) ni kí ẹ kọ, kò sí èyí tó máa dà yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹlẹ́yọ kò sì ní ìjà pẹ̀lú -1: bí mo bá jẹ ìyá olóbì ní gbànja kan, ẹyọ náà kò ní ìkejì.

Ní ti pé ká yá ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ babaláwo, ẹ rọra. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, ìlà méjì ló ń fà sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Òdìkejì ohun tí à ń wá ni, yóò sì da àwọn ọmọ rú.

Ẹ tún bèèrè ibi tí òfo wà, eléjì ni tàbí ẹlẹ́yọ. `0 % 2` kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Eléjì ni.