Ìmọ̀ràn: Ṣé NAS ni kí n rà, àbí external lásán, fún àwòrán àti fídíò ilé?

Onífọ́tò_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí mo bá pa àwòrán àwọn oníbàárà, fídíò àwọn ọmọ àti ìwé ilé pọ̀, ó ti tó 3 TB, inú kọ̀ǹpútà àgbéletan mi àti external (hard drive tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà) kan ṣoṣo ni mo sì pín gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní London ní kí n ra NAS, àpótí ìpamọ́ fáìlì tí gbogbo ilé lè jọ lò, èyí tó ń gba drive méjì, kí n sì fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà fún mi ní kí n má fi owó ṣòfò, pé external ńlá kan ti tó. Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, inverter la fi ń gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú?

Baba_Wáyà

Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀, àbúrò. NAS fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré ni: ó ní ọpọlọ tirẹ̀ àti mẹ́mọ́rì tirẹ̀, a ó ki hard drive sínú rẹ̀, a ó sì fi wáyà so ó mọ́ router, kí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé lè máa kó fáìlì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gbé wáyà USB kiri. External kò ní ọpọlọ; kọ̀ǹpútà tí ẹ bá fi sí lára ló ń darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà fún yín nínú NAS nìyẹn, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣí àwọn àwòrán wọ̀nyí, owó ohun tí ẹ kò ní lò lẹ fẹ́ san.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìyára tàn yín. Wáyà 1 gigabit tó wà lára ọ̀pọ̀ NAS tí kò wọ́n kì í kó ju nǹkan bíi 110 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, external kékeré tó ń lo USB 3.0 náà sì ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá gba orí Wi-Fi kó àwòrán RAW, àwọn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀, lọ síbẹ̀, ẹ ó jókòó pẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ drive méjì yẹn. Bí a bá tò wọ́n ní RAID 1, ìyẹn ètò tó ń so drive méjì pọ̀ bí ìbejì, ohun kan náà ni wọ́n jọ ń kọ, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá pa fódà ìgbéyàwó oníbàárà rẹ́, orí méjèèjì ló ti pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀; bí ransomware, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kí ó tó gba owó ìtúsílẹ̀, bá wọlé, méjèèjì ló máa tì pa; bí olè bá sì gbé àpótí náà, ó ti kó méjèèjì lọ. Drive méjì nínú àpótí kan kì í ṣe ẹ̀dà méjì. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan nínú wọn máa gbé ní ilé mìíràn, ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a tó sọ̀rọ̀ NAS.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ fi kún ti ẹ̀gbọ́n. NAS tó ní drive méjì nínú máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 15 sí 20 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ní 20 ni, tọ̀sán-tòru, kò tó ìdajì yúnìtì lóòjọ́, èyí tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦100 fún ẹni tó ń ra yúnìtì kan ní ₦210 tàbí kó sún mọ́ ọn, bíi àwọn ará Band A. Owó yẹn kọ́ ló máa dùn yín. Inverter lẹ máa ronú lé. Bátìrì olómi 12 V, 200 Ah kan kò yẹ kí a fà ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 1,200 Wh, bí a bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wa. NAS nìkan á gba 480 nínú rẹ̀ láàárín wákàtí 24, router tí kò gbọ́dọ̀ kú náà á sì gba tirẹ̀, kí a tó tan fáànù.

Iná tó ń já lójijì ló burú jù, nítorí ó lè bá NAS lórí ìkọ̀wé, kí ó sì ba ètò fáìlì jẹ́. Ẹni tó bá máa rà á gbọ́dọ̀ ra UPS, àpótí bátìrì tí ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀, èyí tó ní wáyà USB, tí yóò máa sọ fún NAS pé iná ti lọ, kí ó lè pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. External kékeré oní-ínǹṣì 2.5 kò mọ ìyẹn, ara kọ̀ǹpútà ló ti ń mu iná, bátìrì kọ̀ǹpútà sì ń gbà á sílẹ̀. Àwọn ńlá oní-ínǹṣì 3.5 ló ní adaptor tirẹ̀ tí a ń fi sí ògiri, àwọn yẹn ò sì yàtọ̀ sí NAS bí iná bá já.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà NAS díẹ̀, nítorí pé èmi náà ń lò ó níhìn-ín. External tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kì í da fáìlì kọ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ rántí, ènìyàn kì í sì í rántí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí fóònù ìyàwó mi bá ti dé orí Wi-Fi ilé, àwòrán ọjọ́ náà ti ń lọ sí NAS láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn NAS tó ń lo ètò fáìlì tí wọ́n ń pè ní Btrfs sì ní snapshot, ìyẹn àwòrán bí fáìlì ṣe wà ní àkókò kan, tí a lè fi dá fódà padà sí bó ṣe wà lánàá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ tó pa fódà rẹ́ kò le tó bí Baba ṣe sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣí i sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn tó ní WD My Book Live, drive kan tí a ń so mọ́ router bíi NAS, káàkiri ayé jí, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì nu gbogbo fáìlì wọn. Láti ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ náà kò ti ṣe àtúnṣe sọ́fúwíà rẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ransomware kan tó ń jẹ́ Qlocker tì fáìlì àwọn tó ń lo NAS ilé iṣẹ́ QNAP pa, òmíràn tó ń jẹ́ DeadBolt sì tún kọlù wọ́n ní 2022. Ẹ pa UPnP, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí ọ̀nà síta fúnra rẹ̀, lórí router, bí ẹ bá sì fẹ́ wo fáìlì láti ìta, ẹ gba inú VPN, ọ̀nà àdáni tí ẹlòmíràn kò lè yọjú sí.

Onífọ́tò_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní kọ̀ǹpútà àgbéletan àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé a lè sọ ọ́ di NAS?

Ọmọ_Linux

Ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. OpenMediaVault, sọ́fúwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di NAS, tí wọ́n kọ́ sórí Debian (irú Linux kan), ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi sínú rẹ̀, ẹ so drive mọ́ ọn, ẹ fi wáyà kàn án mọ́ router, ó ti parí. Bátìrì ara rẹ̀ gan-an á sì máa ṣiṣẹ́ UPS fún yín.

Baba_Wáyà

Bátìrì yẹn ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, nítorí pé èyí tó bá wà lórí iná nígbà gbogbo, nínú ooru wa yìí, lè wú. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ń fi ìka tẹ̀ ti ń ga sókè, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Arìnjà_Ìkẹjà

Ní ti rírà, ẹ sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ta 16 TB ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ mẹ́mọ́rì kékeré tí wọ́n ti kọ́ ní irọ́; yóò gba fáìlì yín, yóò máa kọ èyí tuntun lé èyí àtijọ́ lórí, ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi lọ ṣí àwòrán. Sọ́fúwíà H2testw lórí Windows àti F3 lórí Mac tàbí Linux yóò kún un dẹ́nu, wọn yóò sì kà á padà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, tàbí kí ẹ gba àdéhùn pé ẹ lè dá a padà. Ẹ má bínú bí 4 TB bá sì fi 3.63 hàn lórí Windows, ìṣirò wọn ló yàtọ̀, kò sí ẹni tó yọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí CrystalDiskInfo, sọ́fúwíà tó ń fi ìlera drive hàn: bí iye tó wà lábẹ́ "Raw Values" fún "Reallocated Sectors" tàbí "Current Pending Sector" (ojú ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́) bá ju òdo lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Onífọ́tò_Bódìjà

Mo ti gbọ́, ẹ̀yin àgbà. External 4 TB méjì ni mo máa rà, ọ̀kan á wà nílé, èkejì á máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ọ́yọ̀ọ́, a ó sì máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni màá dán ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn wò fún fóònù àwọn ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, nínú ètò tí drive fi ń to fáìlì, ṣé exFAT ni kí n fi ṣe format rẹ̀ ni, àbí NTFS?

Baba_Wáyà

Bó bá jẹ́ Windows nìkan lẹ ń lò, NTFS ni, nítorí pé ó ní àkọsílẹ̀ ìṣe tí ń gbà á là bí iná tàbí wáyà bá já lójijì. ExFAT kò ní irú rẹ̀. Bí Mac bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, exFAT ni, nítorí pé Mac lè ka NTFS ṣùgbọ́n kò lè kọ sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ máa tẹ "Eject" kí ẹ tó fa wáyà yọ.