Ẹ gbà mí o! Níbo ni mo lè kó ọmọ jáde lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́, Ọjọ́bọ̀ yìí?

TíṣàEtíỌ̀sà (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá. Ọ̀gá wa lọ sí ìpàdé kan, ó sì gbé òfin tuntun bọ̀: gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán, ìta ni ẹ̀kọ́ máa wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ wa kéré, inú abúlé la wà. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju ₦15,000 lọ. Níbo ni kí n kó wọn lọ? Kí ni kí n fi kọ́ wọn nípa ewé àti kòkòrò? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó dá mi lóhùn. Fóònù mi ti fẹ́ kú, wọn ò sì tíì mú iná wá.

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi (8:55 alẹ́)
Ọjà Olúwo. Ẹ̀kọ́ wo ló ju ìyẹn lọ? Àrọ̀, ẹpìyà, akàn, ìgbín tó tó ìkúùkù. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

ÌyáÌbejìKetu (8:58 alẹ́)
Ọjà Olúwo kẹ̀? Nínú èrò yẹn? Tíṣà, ọmọ mélòó ni? Kíláàsì wo? Apá ibo lẹ wà gan-an, ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn ni àbí ọ̀nà Agbówà?

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi (8:59 alẹ́)
Ó ní inú abúlé làwọn wà. Kí lẹ tún ń bi í?

AjíhìnNoforíjà (9:10 alẹ́)
Ibi ìtọ́jú ẹranko àti igbó tó wà ní Lẹ́kkí, tó kọjú sí Chevron, ni kí ẹ kó wọn lọ. Láti 1990 ló ti wà níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Ọ̀bọ á máa wo àwọn ọmọ, àwọn náà á máa wò ó. Kò sí ọmọ tó máa gbàgbé ọjọ́ náà.

DẹrẹbàAgbówà (9:14 alẹ́)
₦15,000? Epo nìkan á gbé e jẹ kí ẹ tó dé Àjáh. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dárúkọ Lẹ́kkí, ta ló máa san owó bọ́ọ̀sì? Ta ló máa san owó àbáwọlé? Tíṣà, ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá nílò bọ́ọ̀sì lóòótọ́ ṣá, mo wà ńlẹ̀, a jọ máa sọ ọ́.

Bọ̀dáJámánì (10:31 alẹ́)
Mo kí gbogbo yín láti Jámánì. Níbí, ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan wà tí kò ní kíláàsì rárá, inú igbó ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin péré, ni a ń kó aṣọ òjò wọ̀ kó tó lọ. Òjò ni o, yìnyín ni o, wọ́n á jáde. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú koríko nìkan là ń bẹ̀rù, a máa ń yẹ ara ọmọ wò tó bá délé. Ẹ má jẹ́ kí òjò dá yín dúró.

ÌyáÌbejìKetu (10:40 alẹ́)
Bọ̀dá, ọmọ tiwa ò ní aṣọ òjò. Yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn ẹlòmíì, òun náà ló máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì.

OníbàtàÒjò (10:42 alẹ́)
Bàtà òjò ọmọdé wà lọ́wọ́ mi o, oríṣiríṣi àwọ̀. Ẹ bọ́ sí inbox.

ÌyáRẹ̀mí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)
Mo jí, mo rí ọ̀rọ̀ yìí, àyà mi já. Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ ka tèmi kẹ́ ẹ tó kó ọmọ ọlọ́mọ síta.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún méje nígbà náà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ wọn nípa igi, wọ́n kó wọn jókòó sábẹ́ máńgòrò. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó. Ọmọkùnrin kan rí máńgòrò tó pọ́n, ó sọ òkò sí i, agbọ́n ni òkò bà. Wọ́n tú dà sórí àwọn ọmọ náà. Rẹ̀mí ò lè sáré bíi ti àwọn yòókù, bàtà rẹ̀ ti já. Wọ́n ta á lójú, wọ́n ta á létí, wọ́n ta á lọ́rùn. Tíṣà ò ní káàdì nínú fóònù, ọmọ kíláàsì kẹfà ló rán sí mi, ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tọ́mọ yẹn sọ ni pé "Wọ́n ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rù." Ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá, ó ti dẹ́rù bà á tán.

Nígbà tí mo débẹ̀, òórùn kẹrosíìnì ni mo fi mọ yàrá tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n ti fi rẹ́ ẹ láti orí dé àyà. Ojú òsì rẹ̀ ti wú pa dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi ojú kan ríran. Títí di òní, tó bá ń lọ sí ilé kéwú, ó máa ń sọdá títì kó má bàa kọjá lábẹ́ máńgòrò, á tún padà sọdá wá.

Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ má jáde o. Mo ń bi yín ni: ta ló máa kọ́kọ́ wo òkè?

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi (6:41 àárọ̀)
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Rẹ̀mí. Àmọ́ kẹrosíìnì ṣiṣẹ́ o. Òun náà ni wọ́n fi ń ra wá lára ní kékeré.

OlóyinIlara (7:05 àárọ̀)
Kì í ṣiṣẹ́. Mo ń kó oyin, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àlùbọ́sà ni. Ẹ gé e sí méjì, ẹ fi ra ibẹ̀, kí ẹ sì yọ oró rẹ̀ jáde.

ÌyáÌbejìKetu (7:09 àárọ̀)
Oró agbọ́n ń dúró sínú ara ni?

OlóyinIlara (7:11 àárọ̀)
Gbogbo wọn ló ń fi oró sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sìTiwa (7:30 àárọ̀)
Rárá o. Oyin ló ń fi oró rẹ̀ sílẹ̀ sára, torí ìkọ́ wà ní ṣóńṣó oró náà. Agbọ́n kì í fi sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí agbọ́n kan fi lè ta èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá jẹ́ oyin, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ẹ má dúró wá abẹ́rẹ́, èékánná náà tó, torí bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń tú oró sí i. Lẹ́yìn náà, omi àti ọṣẹ, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó tutù lé e. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí ojú ọmọ, mo bẹ yín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ètè tó ń wú, ọmọ tí kò lè mí dáadáa, èébì, ara tó sú káàkiri. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn, ọ̀kadà tó bá wà nítòsí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi (7:44 àárọ̀)
Gbogbo wa la fi kẹrosíìnì dàgbà, a ò sì kú.

Nọ́ọ̀sìTiwa (7:45 àárọ̀)
Àwọn tó kú ò sí lórí fóróọ̀mù.

(Èsì mọ́kànlá mìíràn lórí kẹrosíìnì, àlùbọ́sà àti ewé akíntọ́lá ni alábòójútó ti kó lọ sí abala ìlera.)

TíṣàEtíỌ̀sà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́)
Ẹ má bínú, iná ni. Kíláàsì kẹta àti kẹrin, a pa wọ́n pọ̀ ni. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì. Èmi nìkan ni tíṣà wọn. Ìyá Rẹ̀mí, ẹ kú ìfaradà, mi ò tíì lè sùn láti ìgbà tí mo ti ka tiyín. Igi máńgòrò méjì ló wà níwájú kíláàsì wa.

ỌmọSúngbọ́ (8:16 alẹ́)
Ṣé ẹ gbàgbé Erédò ni? Yàrà Súngbọ́, ó tó kìlómítà 160 yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibì kan wà níbẹ̀ tí ògiri rẹ̀ tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ewé tó hù sára ògiri yẹn nìkan, ọmọ á kọ ìwé kún un.

DẹrẹbàAgbówà (8:20 alẹ́)
Nínú òjò yìí? Pẹ̀lú ọmọ mẹ́tàdínlógójì àti tíṣà kan? Ẹni tó bá yọ̀ wọ inú yàrà mítà 20 ńkọ́, ta ló máa fà á jáde?

Àrẹ̀mọÈkóẸ̀pẹ́ (8:33 alẹ́)
Ẹ kó wọn lọ sí etí omi níbi tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, gúnlẹ̀ sí nígbà tí òyìnbó lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Kí ọmọ mọ ìtàn ìlú rẹ̀.

ÌyáÌbejìKetu (8:35 alẹ́)
Ewé àti kòkòrò ni wọ́n bèèrè, ẹ̀yin ń sọ Kòsọ́kọ́.

ApẹjaÀárọ̀ (9:02 alẹ́)
Ẹ má kó wọn sún mọ́ omi. Kódà ọmọ tó mọ̀ wẹ̀. Àwọn ọmọ apẹja gan-an ni omi ń gbé, torí wọn ò bẹ̀rù rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ̀sà kọ́ wọn, ẹ ní kí ẹnì kan bu koríko tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà yẹn (water hyacinth) sínú báàfù wá bá yín. Kì í ṣe koríko wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, odò Àgbádárìgì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní 1984, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló gbà wọlé. Ẹ gé ẹsẹ̀ ewé rẹ̀ tó wú bí bọ́ọ̀lù, wọ́n á rí afẹ́fẹ́ tó jẹ́ kó léfòó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ẹ fi í sílẹ̀, á tún yọrí. Báàfù kan ti tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan.

ÀgbàTíṣà (Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀)
Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tiwa, ilé ẹ̀kọ́ wo ni kò ní oko? Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ilá, àwọn ọmọ ló ń ro ó. Ẹnì kankan ò lọ sí ìpàdé kó tó mọ̀ pé ìta dára. Má kó ọmọ lọ síbì kankan. Wá okùn, gé e sí mẹ́sàn-án, kí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin tẹ́ tiwọn sílẹ̀ bí òrùka lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹni tó ṣẹ́kù máa di aago mú. Ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n wo inú òrùka náà kí wọ́n sì ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Èèrà, ekòló, patanmọ́, ìyẹ́ lékelèke. Èyí tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ bi ìyá àgbà nílé. Orúkọ Yorùbá ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì ní Ifẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì ya òmùgọ̀.

BàbáṢékíná (6:30 àárọ̀)
Bàbá, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Kí lọmọ mi fẹ́ fi patanmọ́ ṣe? Kọ̀ǹpútà ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ wọn.

ÀgbàTíṣà (6:34 àárọ̀)
Ṣé ẹ ti rí kọ̀ǹpútà tó ń hù lẹ́yìn kíláàsì rí? Ohun tó wà ńlẹ̀ ni mò ń sọ.

ÌyáRẹ̀mí (6:50 àárọ̀)
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ta ló máa wo òkè?

TíṣàEtíỌ̀sà (Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́)
Ẹ kú ìdúró o. Mo ka gbogbo ẹ̀, títí kan ti kẹrosíìnì. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀yìn kíláàsì ti di ẹrẹ̀. Bàbá, mo ti gé okùn yẹn sí mẹ́sàn-án, ó ṣì wà nínú báàgì mi. Ẹni tí mo ní kó bá mi bu koríko ọ̀sà, kò wá.

Mo wá rántí ìyá kan tó ń hun àwọ̀n nítòsí wa, tó ní àtíbàbà onípáànù létí ọ̀sà. Mo mọ̀, Bọ̀dá Apẹja, mo mọ̀. Wọ́n fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ omi, èmi fúnra mi ni mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kankan ò gba ẹ̀yìn mi kọjá láti aago mẹ́wàá dọ̀sán.

Mi ò kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ìyá ló kọ́ wa. Oríṣi àwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n tẹ́, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ki ìka bọ ojú rẹ̀. Ojú àwọ̀n edé ò gba ìka ẹnì kankan. Ti ẹpìyà gba ìka méjì. Ti èyí tó tóbi jù gba ìka mẹ́ta, ó tún kù. Ọmọ kan bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò hun gbogbo ẹ̀ bíi ti edé, kí ẹja kankan má bàa lọ. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé ẹ̀gúsí àti ọsàn wá, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n dà á sínú àwọ̀n ẹpìyà, ọmọ mẹ́rin di igun rẹ̀ mú, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀gúsí bọ́ sílẹ̀, ọsàn dúró. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gúsí yìí ni ohun tí ẹ máa pa lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ṣà á." Wọ́n ṣà á. Wọ́n kà á: igba ó lé mẹ́rìndínlógún. Ìjà bẹ̀rẹ̀ torí ẹnì kan ti jẹ díẹ̀.

Nínú ₦15,000, àkàrà ni mo fi ₦6,000 rà. Ìyá ò gbowó, wọ́n gba àkàrà.

ApẹjaÀárọ̀ (9:25 alẹ́)
Mo sọ pé kẹ́ ẹ má sún mọ́ omi.

Àrẹ̀mọÈkóẸ̀pẹ́ (9:27 alẹ́)
Ìyá náà, Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá, ni wọ́n àbí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́? Torí àwa la mọ àwọ̀n í hun.

ỌmọSúngbọ́ (9:28 alẹ́)
Ó tún ti dé.

ÌyáRẹ̀mí (9:40 alẹ́)
Tíṣà, ṣé ẹ wo òkè kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n jókòó?

TíṣàEtíỌ̀sà (9:41 alẹ́)
Mo wò ó, Mà. Alángbá méjì àti ilé aláǹtakùn kan. Àwọn ọmọ ti kọ wọ́n sínú ìwé.

OníbàtàÒjò (9:50 alẹ́)
Bàtà òjò ṣì wà o.