Sílọ́ọ̀gì ò lọ síbi tí mo fojú sun, ṣé ẹ̀bi ṣóòkì ni àbí tèmi?

ỌmọOlóko_Òṣogbo:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà ọdẹ, àrìnpa o. Oko wa wà lójú ọ̀nà Ìlobù, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo la gbìn síbẹ̀, túrùkú ò sì jẹ́ ká rímú mí látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá wọlé lóru, tó bá dàárọ̀ gbogbo ebè lẹ máa bá ní títú, àgbàdo á ti sùn sílẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń lò, ẹnu méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 12 ni, mo ti ṣe láísẹ́ǹsì ẹ̀ lórúkọ ara mi. Ọta wẹ́wẹ́ la máa ń yìn fún òyà àti ẹtu. Ṣùgbọ́n túrùkú tó ti dàgbà, tí ẹ bá yin ọta wẹ́wẹ́ lù ú látòkèèrè ó kàn máa gbé ọgbẹ́ wọgbó lọ kú sí ni, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ni mo bá wá sílọ́ọ̀gì ra, èyí tó jẹ́ odidi òjé kan ṣoṣo nínú katiríìjì. Oríṣi méjì ni mo rí. Ọ̀kan ní ìlà ìlà lára, èkejì jẹ́ òjé kékeré tí wọ́n fi ike bò. Mo so àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ igi, mo rin ogójì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, mo yin mẹ́fà, mẹ́ta péré ló bá àpò. Ọ̀kan nínú àwọn ihò yẹn ò tiẹ̀ rí róbótó, ó gùn ni, bí ìgbà tí òjé dùbúlẹ̀ kọjá lára bébà. Ẹnì kan ní ṣóòkì ìbọn mi, ìyẹn ibi tí bárẹ́ẹ̀lì ti fún lẹ́nu, ló fún jù, kí n gbé e lọ gé lẹ́nu. Ẹlòmíì ní rárá, kí n máa lo ẹnu òsì nítorí òun ló fún jù, pé bí ẹnu bá ṣe fún tó ni ọta á ṣe lọ tààrà tó. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Nǹkan tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ọdẹ_ÒkèBàálẹ̀:
Àrìnpa, Ògún á gbè ẹ́. Àbúrò, má gé nǹkan kan o, jọ̀ọ́. Ẹnu ìbọn tí wọ́n bá ti gé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dá a padà.

Ẹni tó ní kí o lo ẹnu tó fún jù, ọ̀rọ̀ ọta wẹ́wẹ́ ló ń sọ, kò sì purọ́ fún ọta wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ṣóòkì ni pé kó kó àwọn ọmọ ọta jọ lẹ́nu ìbọn kí wọ́n má tètè fọ́n ká. Sílọ́ọ̀gì ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni, kí ló fẹ́ kó jọ? Tó bá gba ẹnu tó fún jù kọjá, ńṣe ló ń fún òjé yẹn pọ̀, tí ara ẹ̀ ò bá sì ti dọ́gba mọ́ kò lè lọ tààrà. Inú bárẹ́ẹ̀lì 12 fẹ̀ tó mílímítà 18.5. Ṣóòkì tí wọ́n ń pè ní cylinder ò fún rárá, improved cylinder fún ní nǹkan bí 0.25, modified bí 0.5, full á sún mọ́ mílímítà 1 gbáko. Lójú èèyàn kò jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n lójú òjé, nǹkan ńlá ni. Cylinder tàbí improved cylinder ni kí o lò fún sílọ́ọ̀gì, modified náà ṣì máa ń ṣe é láwọn ìbọn kan. Full, fi sílẹ̀ fún ọta wẹ́wẹ́.

Tú ìbọn yẹn, wo abẹ́ bárẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀gbẹ́ ibi tí katiríìjì ń wọ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn ilẹ̀ Yúróòpù, ó ṣeé ṣe kí o bá ìràwọ̀ níbẹ̀: ìràwọ̀ kan ni full, mẹ́ta ni modified, mẹ́rin ni improved cylinder, CL ni cylinder. Nínú ọ̀pọ̀ dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, ẹnu ọ̀tún ló fẹ̀ ju tòsì lọ, tírígà iwájú ló sì ń yìn ín. Ẹnu ọ̀tún yẹn ni tìrẹ.

Ihò gígùn tó o rí yẹn, èyí tí wọ́n fi ike bò ló ṣe é, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ìyẹn bá ti jáde, ike á já sílẹ̀, òjé inú á máa lọ. Bárẹ́ẹ̀lì tó ní ìlà tó lọ́ nínú, tó ń mú ọta pòòyì, ni wọ́n ṣe é fún. Tìrẹ dán nínú ni, kò sí ohun tó máa mú un pòòyì, ló ṣe ń takìtì lójú ọ̀nà. Má ra irú ẹ̀ mọ́, owó ẹ ló ń bá lọ.

Èyí tó ní ìlà lára ni kí o mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlà yẹn ló ń mú un pòòyì, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ara ẹ̀ lè rí ibi rọ̀ sí nígbà tó bá ń gba ṣóòkì kọjá. Ohun tó ń mú un lọ tààrà ni pé orí ẹ̀ wúwo, ìdí ẹ̀ ní ihò, bí ọfà tí irin wà lórí ẹ̀ tí ìyẹ́ sì wà nídìí ẹ̀. Karl Foster ní Amẹ́ríkà ló ṣe irú ẹ̀ ní 1931. Ti Jámánì wà ṣáájú ìyẹn, Wilhelm Brenneke ló ṣe tiẹ̀ ní 1898, òun ò ní ihò nídìí bíi ti Foster, ohun tí wọ́n fi dí ìdí ẹ̀ máa ń bá a lọ títí á fi ba ẹran. Èmi fẹ́ràn ti Jámánì yẹn fún túrùkú nítorí pé ó máa ń wọlé jinlẹ̀. Méjèèjì ló dáa fún bárẹ́ẹ̀lì tó dán.

AtúnbọnṢe_Ìgbóná:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ péye. Kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí èmi ni wọ́n máa ń gbé èyí tó bá ti bàjẹ́ wá bá.

Má gbára lé ìràwọ̀ nìkan. Ìbọn bàbá ẹni, èèyàn ò mọ ẹni tó ti fọwọ́ kàn án rí. Jẹ́ kí ẹni tó ní irinṣẹ́ wọn ẹnu ẹ̀ fún ẹ, kó wọn inú bárẹ́ẹ̀lì náà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ṣóòkì ẹ. Wo gígùn ibi tí katiríìjì ń wọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìbọn àtijọ́ kan jẹ́ 65 mílímítà, katiríìjì tó sì wà lọ́jà jẹ́ 70 tàbí 76. Èyí tó gùn jù á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn gan-an ló burú nínú ẹ̀, torí ìgbà tó bá bú ni ẹnu ẹ̀ ń ṣí, tí kò bá sì ráàyè ṣí tán, agbára inú ẹ̀ á ga kọjá ohun tí ìbọn lè gbà.

Ẹ̀yin tó ń yọ òjé nílé tí ẹ ń rọ ọ́ sínú katiríìjì, mo bẹ yín ní orúkọ Ògún, ẹ jáwọ́. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ẹnu bárẹ́ẹ̀lì là bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó. Òjé tí wọ́n rọ ló tóbi ju ṣóòkì lọ. Olúwa ló yọ ọwọ́ ẹni yẹn.

Tó o bá ti yìn tó mẹ́wàá, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti òróró nu inú ẹ̀ dáadáa, pàápàá ibi tó fún lẹ́nu yẹn. Òjé máa ń lẹ̀ mọ́bẹ̀, wàá rí i tó ń dán bíi tánganran, tó bá ti pọ̀ sílọ́ọ̀gì ẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko.

Sójà_tó_ti_fẹ̀yìntì:
Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ìbọn ẹ nìkan ló lè sọ sílọ́ọ̀gì tó fẹ́. Méjì tó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀, èyí tí ọ̀kan fẹ́ràn, èkejì lè kọ̀ ọ́. Ra oríṣi mẹ́ta tó ní ìlà lára, díẹ̀díẹ̀. Má ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ yìn ín nígbà tó o bá ń dán an wò, jókòó sídìí tábìlì, kó iyanrìn sínú àpò ìrẹsì, gbé ọwọ́ tó o fi di ìbọn mú lé e (má gbé bárẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ lé e o, á máa ta sókè). Fi téèpù wọn ilẹ̀, mítà 25 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ẹ kì í ṣe mítà. Yin márùn-ún márùn-ún lẹ́nu ọ̀tún, jẹ́ kó tutù láàárín, kọ orúkọ katiríìjì sára bébà. Dí etí ẹ.

Má fi ẹnu méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ṣe dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì so ó kí ọta wẹ́wẹ́ ẹnu méjèèjì lè bára wọn pàdé níwájú, sílọ́ọ̀gì ò mọ ìyẹn, tọ̀tún lè lọ sósì kí tòsì lọ sọ́tùn-ún. Mo lérò pé bó o ṣe pàdánù mẹ́ta nínú mẹ́fà nìyẹn, o ò sọ ẹnu tó o yìn.

ỌmọOlóko_Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin bàbá mi, òótọ́ ni, mo ń pààrọ̀ ẹnu ni lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí ìràwọ̀ o! Mẹ́ta lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì, ibi katiríìjì sì jẹ́ 70. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí láàárọ̀ òní, ẹnu ọ̀tún nìkan, mítà 25. Oríṣi àkọ́kọ́ fọ́n, èkejì náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ẹ̀kẹta ni mo rí i tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe, ihò márààrún, àtẹ́lẹwọ́ mi bò wọ́n tán. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fi bí ìka mẹ́rin ga ju ibi tí mo fojú sun.

Ọdẹ_ÒkèBàálẹ̀:
Á à, o ti ṣe é nìyẹn! Tí wọ́n bá ti wà pa pọ̀, èyí tó le ti tán. Gíga yẹn, o ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi ìbọn ni. Kókó bíntín tó wà lẹ́nu ìbọn nìkan lo fi ń wò, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ju ojú ẹ lọ, bí orí ẹ bá gbéra díẹ̀ ọta á gòkè. Lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn bákan náà nígbà gbogbo, tún un yìn, bó bá ṣì ga bẹ́ẹ̀, fojú sun ìsàlẹ̀ díẹ̀. Má yìn ín kọjá mítà 40 títí wàá fi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Sílọ́ọ̀gì ò dà bí ọta wẹ́wẹ́ o, tó bá ta ẹran nù ó ṣì lè lọ ju ìdajì kìlómítà lọ, àwọn èèyàn sì ń gbé lójú ọ̀nà Ìlobù yẹn. Gẹ̀gùn ni. Wá igi tó dúró dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn túrùkú ń gbà wọ oko, kan ẹ̀gùn sórí ẹ̀, kó jẹ́ pé ilẹ̀ lo máa kọjú ìbọn sí.

ỌmọOlóko_Òṣogbo:
Mo gbọ́ sà. Igi ìrókò kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ túrùkú sì pọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀la ni mo máa gbé pákó lọ.