Ẹni tó ti fi ẹ̀rí mọ̀ pé Ọlọ́run wà, ṣé ó ṣì lè gbà á gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìmọ̀ ọgbọ́n orí àwọn Kristẹni, ẹ gbà mí o. Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run àtijọ́ nì, ta kókó kan fún mi nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae, n kò rí i tú.

Ó ní wíwà Ọlọ́run kò dà bí ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan: ọgbọ́n orí lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ẹni tí ẹ̀rí náà kò bá sì yé lè fi ìgbàgbọ́ gbà á. Èyí yé mi. Àmọ́ nínú II-II (ìdajì kejì Apá Kejì ìwé náà), ìbéèrè 1, abala 5, ó ní ẹnì kan náà kò lè fi ẹ̀rí mọ ohun kan dájú kó tún máa gba ohun náà gbọ́. Hébérù 11:6 sì rèé, tó ní ẹni tó ń tọ Ọlọ́run bọ̀ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ pé ó wà. Onímọ̀ tó ti rí ẹ̀rí wá ńkọ́?

Mo ti wo ìbéèrè 2, abala 10. Níbẹ̀ ó gbà pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń dín ìgbàgbọ́ kù, pé èrè rẹ̀ ni kò dín kù, torí ọkàn ẹni náà ṣì ṣe tán láti gbà gbọ́ bí ẹ̀rí kò tilẹ̀ sí. Ó dáa, àmọ́ èrè kọ́ ni mò ń bi. Mo yà sọ́dọ̀ Anselm, onímọ̀ Kristẹni tó ṣáájú Aquinas. Ìgbàgbọ́ tó ń wá òye ni tirẹ̀, kò dé ibi tó ń dùn mí.

Ṣé ohun tí onímọ̀ yẹn gbà gbọ́ nípa wíwà Ọlọ́run ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè fi hàn lọ ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibo gan-an ni Aquinas fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́?