Ṣé ọ̀kan náà ni "big" àti "large" lára aṣọ?

Aláàdìrẹ Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ni mò ń rán tà, Ìtòkú ni mo ti ń ra aṣọ. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí bóyá bùbù tí mo gbé síta jẹ́ "large". Mo ní, "Yes, it is very big." Òótọ́ ni, ó fẹ̀, ó sì ṣò. Àfi bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ tó ní ó ń wọ́ nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ léjìká, pé "large" lòun sanwó fún. Mo dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Ṣebí "tóbi" ni méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. "Tóbi" ni méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ lára aṣọ, "large" ti di orúkọ ìwọ̀n: L tó wà láàárín M àti XL. "Big" ní tirẹ̀, ara ẹni tó wọ aṣọ la fi ń mọ̀ ọ́n. Aṣọ L kan náà lè jẹ́ "too big" fún ẹni tín-ín-rín, kó sì fún ẹlòmíì pinpin.

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, "my big sister" ni. Ẹ má kọ "my large sister" láé, ara sísan lẹ ń sọ nìyẹn. Àbúrò, "little" ni, torí "small" kò ní ìkẹ́ nínú. Èyí tí mo sì máa ń fi yíǹkì pupa fà jù nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni "my father is high", nítorí "ga" kan ṣoṣo la ń lò nílé. Òkè ló ń jẹ́ "high". Ènìyàn àti igi, "tall". Ẹni tó bá "high", ọtí tàbí igbó ló ń pa á.

Ọmọ Kétu:
Fún àwa tá a ka Faransé ní Bẹ̀nẹ̀, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Large" ti Faransé, "fẹ̀" ni.

Télọ̀ Peckham:
Mà, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo wà. Ẹ kọ ínṣì. Nọ́ńbà aṣọ obìnrin, UK 12 ni US 8, L ṣọ́ọ̀bù kan kì í sì í ṣe L èkejì. Ní ti bùbù, ẹ má gbàgbé gígùn láti èjìká.

Aláàdìrẹ Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun nìyí: "One size, loose fit. Bust 58 inches, length 56 inches." Ṣé á yé ará Lọ́ńdọ̀nù báyìí?

Télọ̀ Peckham:
Ó yé mi o. Ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́.