Ooru ẹ̀ẹ̀rùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù: ẹ sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́

Ìyá Alámù, Ìlọrin

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi mímu bẹ̀rẹ̀. Àmù tí wọ́n bá kùn ní ọ̀dà kò lè mú omi tutù, bó ti wù kó rẹwà tó. Ara àmù ní láti máa làágùn: omi inú á máa sun wá síta díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á máa gbẹ ẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Àmù tó gba lítà 20, bí nǹkan bí ìdá mẹ́ta lítà kan bá gbẹ lára rẹ̀, ìyẹn tó láti mú kí ooru omi tó kù fi dígírì 10 lọ sílẹ̀, bí ooru mìíràn kò bá wọlé. Ooru mìíràn a sì máa wọlé, ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé e sí fi ṣe pàtàkì.

Àdúgbò Dàda ní Òkèlélé nílùú Ìlọrin níbí, ìlú Ìpetumodù àti Ìsàn-Èkìtì ní orúkọ nínú iṣẹ́ ìkòkò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka kan àmù náà létí. Tí ó bá dún gooro, ó pé. Tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti là níbì kan. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe títí òórùn amọ̀ yóò fi dínkù. Ẹ wá da iyanrìn sínú àwo fífẹ̀, ẹ gbé àmù lé e, kí iyanrìn náà máa rin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́, kì í ṣe kọ̀rọ̀ yàrá, kì í sì í ṣe inú oòrùn. Ẹ dé e. Ife tí a fi ń bu omi kò gbọdọ̀ jẹ́ ife tí a fi ń mu ún.

Tí kò bá tutù mọ́ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, iyọ̀ inú omi kànga ló ti dí ojú ihò ara rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn àti iyanrìn ni kí ẹ fi fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án: amọ̀ á mu ọṣẹ náà, omi á sì máa rùn ún.

Elétí Ọ̀sà, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹ fi kún un pé àmù kan náà tó ń mú omi tutù nini nínú ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkó lóṣù Okúdù. Omi ti kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sáyè fún òmíràn láti gbẹ sí. Àmù á kàn máa rin gbindin, omi inú rẹ̀ á sì lọ́ wọ́rọ́wọ́.

Aláta, Ògbómọ̀ṣọ́

Ṣé ẹ lè lo irú rẹ̀ fún tòmátì?

Ìyá Alámù, Ìlọrin

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìkòkò kékeré nínú ńlá, iyanrìn láàárín méjèèjì, aṣọ tútù ní ẹnu rẹ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló tan èyí kálẹ̀ lápá Òkè Ọya, ó sì gba ẹ̀bùn ẹ̀yẹ iléeṣẹ́ aago Rolex nítorí rẹ̀ lọ́dún 2000. Ẹ máa wọ́n omi sórí iyanrìn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ gbé e sórí ohun tó ga kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Tòmátì tó bá ti fọ́ ni kí ẹ yọ kíá, òun ló ń ba ìyókù jẹ́.

Bíríkìlà, Ẹdẹ

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi, òrùlé lọ̀tá. Páànù tí oòrùn ti yan á máa rọ ooru sórí ẹni nísàlẹ̀, kódà bí gbogbo fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà tún burú jù, nítorí pé àwọ̀ dúdú-pupa yẹn ń mu oòrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà, kí ẹ tó wá kun ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì. Eruku ọyẹ́ á sọ ọ́ di pupa, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ kí oṣù Ẹrẹ̀nà tó wọlé.

Lẹ́yìn náà, àjà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kan àjà pa pátápátá láìfi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ooru tó wà láàárín páànù àti àjà á há síbẹ̀, á sì máa jò sínú yàrá di òru. Ẹ fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ etí òrùlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó nítorí àdán àti eku.

Ní ti ògiri, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń jẹ ìyà jù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbá a lójúkojú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí igi ni kí ẹ fi ṣíji bò ó. Dóńgóyárò yára dàgbà, àmọ́ ẹ gbìn ín jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Ògiri amọ̀ àwọn baba wa nípọn, ooru ọ̀sán á pẹ́ kó tó là á já. Búlọ́ọ̀kù oníhò ínṣì mẹ́fà kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ ní tirẹ̀ ń pọ ooru yẹn sínú ilé lóru, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń tẹ́ ẹní síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ará New Orleans, Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ẹ wo ilé tí wọ́n ń pè ní shotgun níbí: yàrá tẹ̀lé yàrá lórí ìlà kan, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, àjà ga, ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn sì kọjú síra. Ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach tọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ gba Haiti dé ilẹ̀ Yorùbá. Afẹ́fẹ́ á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ bá ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn àárín, iṣẹ́ parí.

Ará Peckham

Ìlú Ọba ńkọ́? Ní July 19, 2022, ooru dé dígírì 40.3 ní Coningsby, bẹ́ẹ̀ ilé ibí ni wọ́n kọ́ láti fi mú ooru dání. Àṣà wa ni láti ṣí gbogbo fèrèsé lọ́sàn-án. Tí ìta bá gbóná ju inú lọ, ẹ ń kó ooru wọlé nìyẹn. Ẹ tì wọ́n láti òwúrọ̀. Kọ́tìnì inú ilé kò tó, torí oòrùn ti kọjá gíláàsì kó tó bá a. Aṣọ funfun tàbí páálí níta gíláàsì ló ń dá a dúró. Nígbà tí ìta bá tutù ju inú lọ, ẹ ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀, ẹ wá gbé fáànù sójú fèrèsé òkè, kó kọjú síta, kó máa tú ooru dànù. Fèrèsé àtijọ́ tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣí i díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta

Fáànù àti abẹ̀bẹ̀ kì í tu yàrá, òógùn ara ni wọ́n ń gbẹ. Tí yàrá bá ti kọjá dígírì 35, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ lè gbóná ju awọ ara lọ. Ẹ fi aṣọ tútù nu ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn kí ẹ tó jókòó síwájú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ẹ máa fọ̀ ọ́. Bí ooru bá sì mú àgbàlagbà tàbí ọmọdé débi tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.